Agbára, Ipá àti Ìwọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pa òwe yìí láti fi bú ẹni tí ó ní okun lára ṣùgbọ́n tí kò ní ọgbọ́n lórí. Ìtumọ̀ yẹn kò burú, ṣùgbọ́n kò tíì kún tó. Òwe náà kò sọ pé alágbára tí kò ní èrò jẹ́ òmùgọ̀. Ọ̀lẹ ni ó pè é, kódà baba ọ̀lẹ. Báwo ni ẹni tí ó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà ṣe lè jẹ́ ọ̀lẹ? Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ibi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Kí ni agbára nílò kí ó tó di ohun iyì? Nígbà tí a bá ṣe òfin fún àwọn alágbára tí wọ́n fẹ́ díje, ṣé ńṣe ni òfin náà ń dín agbára wọn kù, àbí òun gan-an ni ó ń sọ ọ́ di agbára?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí èdè wa ṣe pín ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá ní okun, ó ní agbára, ó sì ní ipá. Okun ni ti inú ara, èyí tí oúnjẹ àti oorun ń fún ni. Agbára gbòòrò ju ìyẹn lọ: ọba ní agbára, òfin ní agbára, ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá ní agbára. Ipá ni ó ní ojú méjì. Bí mo bá sọ pé mo sa gbogbo ipá mi, ìyìn ni fún mi, nítorí pé ara mi ni mo ni lára. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi ipá mú ọmọnìkejì rẹ̀, tàbí tí ó fi ipá gba nǹkan rẹ̀, ẹ̀gàn ni. Ibẹ̀ ni a ti rí ìwà ipá, tí a ń lò fún ìjà ìgboro àti ìpànìyàn. A kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìwà agbára. Ó dà bí ẹni pé èdè náà mọ̀ pé nǹkan kan wà tí ó ya agbára sọ́tọ̀ kúrò lára ipá. Èrò tèmi ni pé ìwọ̀n ni nǹkan náà. Láti ara wíwọ̀n ni a ti rí òṣùwọ̀n tí oníṣòwò fi ń wọn ọjà, ìwọ̀n tí í ṣe iye tí ẹrù náà jẹ́, àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí í ṣe ìwà ẹni tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró sí.

Ní àdúgbò Palmgrove tí mo ń gbé, ní ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tí ó já sí títì Ìkòròdú, àgbàlá kan wà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti máa ń gbé irin ní ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe ohun èlò olówó ńlá ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀pá irin tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ki bọ inú kọnkéré tí wọ́n dà sínú korobá ọ̀dà méjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Bẹ́ǹṣì onígi ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan àgbàlá náà ni mo gbé táyà lọ ní ọjọ́ tí àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjì nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ lébìrà tí ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà ní Bàrígà, èkejì sì jẹ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó. Lébìrà gbé irin náà ní ìgbà méjìlá. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ gbé e ní ìgbà mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní òun ni òun borí, nítorí pé ńṣe ni ẹnìkejì òun ń jẹ́ kí irin náà ta padà lára àyà rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. "Ìwọ kọ́ lo gbé e, àyà rẹ ló ń ta á!" Àwọn òǹwòran pín sí ọ̀nà méjì. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹnìkan ti lọ ki ìgò mọ́lẹ̀.

Fọkanáísà náà, àgbàlagbà ọkùnrin tí kì í pariwo, fi táyà sílẹ̀, ó sì wọ àárín wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló sọ bí wọ́n ṣe máa kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

"Bàbá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan."

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tó fìdí rẹmi."

Ó wá la òfin kalẹ̀. Irin yóò sọ̀ kalẹ̀ kan àyà, yóò sì dúró níbẹ̀. Òun yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá gbé e kí òun tó pàtẹ́wọ́, a kò ní í kà á fún un. Ẹni tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò bá nà tán, a kò ní í kà á fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sinmi, wọ́n tún un ṣe. Lébìrà gbé e ní ìgbà mẹ́jọ, kọ̀ńdọ́kítọ̀ gbé e ní ìgbà méje. Ẹni tí ó gba iwájú tẹ́lẹ̀ náà ni ó tún gba iwájú, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò sí ẹni tí ó jiyàn. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó já omi inú ọ̀rá fún un.

Mo rò ó títí lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀. Bí òfin kò bá yí ẹni tí ó lágbára jù padà, kí ni ó wá ṣe? Mo rí nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ó sọ ohun tí a ń wá kí a tó wá a: a kò wá ẹni tí irin ń fò lára rẹ̀, ẹni tí ó ń gbé irin ni a ń wá. Èkejì, ó de àwọn méjèèjì lọ́nà kan náà, débi pé ẹni tí ó ṣẹ́gun kò lè sọ pé òun rí ojú rere, ẹni tí a sì ṣẹ́gun kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹ̀kẹta ni ó sì wú mi lórí jù: ó fún ẹni tí kò borí ní ibi tí yóò dúró sí. Níbi tí kò sí òfin, ẹni tí ó bá gbà pé wọ́n ju òun lọ ti tẹ́. Níbi tí òfin wà, méje ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ yìí gbé, méje náà sì jẹ́ tirẹ̀ títí láé. Kò di ẹni yẹ̀yẹ́, nítorí náà kò nílò ìgò.

Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Orúkọ ìjà àti ti ìjàkadì jọra, ṣùgbọ́n odi gíga wà láàárín wọn. Nínú ìjàkadì, a kì í fi eyín gé ẹnìkejì, a kì í lù ú ní ẹ̀ṣẹ́, a kì í bu iyanrìn sí i lójú. Bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Ẹni tí ó bá tún ń lu ẹni tí ó ti ṣubú ti jáde kúrò nínú ìjàkadì, ó ti bọ́ sínú ìjà. Ìlú Ọ̀fà ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ọ̀ràn yìí, ìjàkadì sì wà nínú oríkì wọn. Àṣà wọn ni pé ọba wọn, Ọlọ́fà, àti Ẹ̀ṣà tí í ṣe olóyè pàtàkì, a máa di ara wọn mú ní gbangba nínú ọdún ìbílẹ̀. Ẹ ro èyí wò: ọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ní ọjọ́ mìíràn gbà kí olóyè rẹ̀ di òun mú ní ojú gbogbo ìlú. Ohun tí ìran náà ń kọ́ ará ìlú ni pé kò sí agbára tí ó ga débi tí kò fi ní í wọ inú agbo, kí ó sì tẹ̀lé òfin agbo. Òwe wa tí ó sọ pé, "Bí a bá lé ni tí a kò bá ni, ìwọ̀n là á bá ni í ṣọ̀tá mọ," ń sọ nǹkan kan náà: ọ̀tá pàápàá ní ìwọ̀n.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní orílẹ̀-èdè Skọ́tílándì, àwọn ará ilẹ̀ olókè máa ń pàdé lọ́dọọdún fún eré àwọn alágbára. Ìpàdé ti Braemar lókìkí nínú wọn; láti ìgbà tí Ọbabìnrin Victoria ti lọ wò ó ní 1848 ni àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá wọn péjú síbẹ̀. Wọ́n ń ju òkúta, wọ́n ń ju òòlù onírin, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ju irin tí ó lé díẹ̀ ní kílò 25 kọjá lórí ọ̀pá gíga. Ìgbà mẹ́ta ni òǹdíje ní láti fi gbìyànjú gíga kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó di òǹwòran. Aṣọ pàápàá lófin: kilt, tí ó jọ yẹ̀rì àwọn adóṣù Ṣàngó wa, ni òǹdíje gbọ́dọ̀ ró.

Nínú gbogbo eré wọn, eléyìí tí wọ́n ń pè ní caber ni ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù. Ìtì igi gígùn ni, orí rẹ̀ kan nípọn, èkejì sì tín-ín-rín. Òǹdíje yóò gbé e nàró, orí tín-ín-rín nísàlẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò sáré díẹ̀, yóò wá sọ ọ́ sókè kí orí tí ó nípọn lè kan ilẹ̀, kí igi náà sì dojú dé síwájú. Ẹni tí kò mọ òfin yóò rò pé ẹni tí igi rẹ̀ bá lọ jìnnà jù ni ó borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í wọn bí ó ṣe jìnnà tó rárá. Bí ó ṣe tọ́ tó ni wọ́n ń wò. Adájọ́ a máa tọ òǹdíje lẹ́yìn bí ẹni pé ojú agogo ńlá kan wà lórí ilẹ̀. Bí igi bá ṣubú tí ó nà gbọnrangandan sí ibi tí agogo méjìlá yóò wà, kò sí ohun tí ó dára ju ìyẹn lọ. Bí ó bá yà sí agogo mọ́kànlá tàbí agogo kan, ó ti dín kù. Alágbára tí ó ju igi sọ́nà jíjìn ṣùgbọ́n tí igi rẹ̀ wọ́, ẹni tí kò lágbára tó o ṣùgbọ́n tí igi tirẹ̀ tọ́ yóò gba iwájú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ gbọ́ èyí kí ó má rántí pé tọ́ kan náà ni a ń lò fún igi tí kò wọ́ àti ìwà tí kò wọ́, àti pé ara rẹ̀ ni òtítọ́ ti jáde. Òfin eré yìí kò kàn wọn agbára. Ó sọ ohun tí ìlú fẹ́ kí agbára wà fún.

Àtakò kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Nínú ìwé tí Plato, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì, pe ní Gorgias, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Callicles sọ pé àwọn aláìlágbára tí wọ́n pọ̀ ni wọ́n ṣe òfin láti fi dẹ́rù ba alágbára, kí ó má ba à gba ohun tí ó tọ́ sí i. Lójú tirẹ̀, okùn ọrùn ni òfin jẹ́ fún kìnnìún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gba èyí gbọ́ láàárín wa láì mọ Callicles. Ẹni tí ó bá sọ pé "ta ni yóò mú mi?" ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

Láti dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí a rìn láti Palmgrove dé Igbóbì, kò jìnnà. Níbẹ̀ ni ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tí ó bá ń gba ibẹ̀ kọjá yóò rí àwọn tí ń fi ọ̀pá rìn àti àwọn tí wọ́n ń tì nínú kẹ̀kẹ́. Ojú àánú ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní kékeré, ni Nàìjíríà ti rí díẹ̀ nínú àwọn tí ó lágbára jù lọ ní ayé. Lucy Ejike àti Paul Kẹ́hìndé gba wúrà nínú gbígbé irin ní ìdíje Paralympics ti Rio ní 2016. Ní Paris ní 2024, Onyinyechi Mark, nínú ìpele àwọn obìnrin tí ìwọ̀n ara wọn kò ju kílò 61 lọ, gbé kílò 150, kò sì sí obìnrin kankan nínú ìpele náà tí ó ti gbé iye yẹn rí títí di ìgbà náà.

Kí ni ó mú kí ayé rí agbára yìí? Òfin ni. Òfin ni ó ní kí òǹdíje dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú rẹ̀, kí ó má ṣe sí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Òfin ni ó pín wọn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara wọn. Òfin ni ó ní kí irin sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, kí ó dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀, kí a sì gbé e sókè láì wọ́ sí apá kan títí ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì yóò fi nà tán. Fọkanáísà wa kò ka ìwé òfin wọn, ṣùgbọ́n ìdúró lórí àyà yẹn náà ni òun àti àwọn ṣe ní ìpìlẹ̀. Bí Callicles bá sọ òtítọ́, òfin ìbá fi alágbára pa mọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni a rí. Àìsí òfin ni ó fi Ejike àti Mark pa mọ́, tí a fi ń pè wọ́n ní aláìlera. Òfin ni ó ṣí aṣọ lójú wọn.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo òfin ni ó dára. Kí ọdún 2000 tó dé, kò sí obìnrin nínú gbígbé irin ní Paralympics. Òfin ni ó dí wọn lọ́nà, òfin mìíràn ni ó sì ṣí i fún wọn ní Sydney ní ọdún náà, Ejike sì wà nínú àwọn tí ó díje. Nítorí náà, mo rò pé a lè fi nǹkan mẹ́rin dán òfin wò. Ṣé gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó de ẹni tí ó lágbára jù? Ṣé gbangba ni a ti ń dá ẹjọ́ rẹ̀, tí kì í ṣe lẹ́nu ẹnìkan? Nínú gbígbé irin, adájọ́ mẹ́ta ni ó ń tan iná, funfun tàbí pupa, méjì ni ó gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, gbogbo òǹwòran sì ń rí i. Ìbéèrè kẹrin ni èyí: ṣé a lè tún un wọ̀n bí ó bá ń rẹ́ àwọn kan jẹ? Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́: wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó.

Ẹ wá fi ìbéèrè mẹ́rin yìí wo títì wa. Agbèrò tí ó dá dánfó dúró ní ibùdókọ̀, tí ó yọ ọwọ́ wáípà nítorí owó tí iye rẹ̀ yí padà láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, èwo ni ó yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Òun ni òǹdíje, òun ni adájọ́, òun náà ni ó sì di àmì ẹ̀yẹ mú. Àwọn òbí ní Ṣómólú àti Bàrígà tí ọmọ wọn ti kó sínú ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ ibi tí irú agbára bẹ́ẹ̀ ń parí sí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe dúró sí ojú títì nìkan. Ọ̀gá tí ó yí òfin ìgbéga padà nígbà tí orúkọ ẹni tí kò fẹ́ ti gòkè dé orí àkójọ, ìbátan agbèrò ni, bí ó tilẹ̀ wọ agbádá. Ipá ni àwọn méjèèjì ní, wọn kò ní agbára.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀dọ́ lè tẹ̀lé òfin nínú agbo, kí ó sì máa fi ipá jẹ àwọn ènìyàn ní ìta. Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Eré kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ẹni tí ó ti kọ́ ara rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láti dúró de àtẹ́wọ́ kí ó tó ti irin sókè ti ní ohun kan tí ẹni tí kò dúró rí kò ní. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àgbàlá tí kọnkéré wà nínú korobá ṣe pàtàkì fún àdúgbò ju bí a ṣe rò lọ, àti pé ẹni tí ó bá fún àwọn ọ̀dọ́ ní irin láì fún wọn ní òfin kò tíì fún wọn ní nǹkan.

Mo lè wá dáhùn ìbéèrè tí òwe bi mí. Ẹ bi ẹni tí ó ń gbé irin, yóò sọ fún yín pé kì í ṣe títì í sókè ni ó nira jù. Ìgbà tí irin bá wà lórí àyà, tí gbogbo ara ń ké pé kí a tì í, tí a sì gbọ́dọ̀ mú un dúró, ìgbà náà ni iṣẹ́ wà. Alágbára tí kò mèrò a máa ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù, ṣùgbọ́n ó ń sá fún èyí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi pè é ní baba ọ̀lẹ.